Orí tó ń mì lórí fídíò: ṣé "bẹ́ẹ̀ ni" ni àbí "rárá"?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ará Bùlgáríà kan wà láàárín wa, bí mo bá ti ń ṣàlàyé báyìí, ńṣe lá máa mi orí sọ́tùn-ún sósì. Lọ́jọ́ kan mo tún àlàyé ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ pé ó ti yé òun látàárọ̀. Àwọn ará Japan méjì ní tiwọn, "hai, hai" (ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni" lédè wọn) ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń mi orí wá sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ mítìn dópin, ìgbà tó yá ni mo rí i pé wọn ò fara mọ́ ohun tí mo sọ rárá. Mo tún fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ránṣẹ́ sí ará Ìránì kan, kò fèsì. Ṣé ìwé kan wà tí wọ́n to àwọn àmì yìí sí tí mo lè há sórí? Ṣé èyí tó jẹ́ nǹkan kan náà níbi gbogbo láyé tiẹ̀ wà nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ìbéèrè yín pa mí lẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ ṣá o, ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe èmi náà rí, ó sì ti ṣe àwọn tó gbọ́n jù wá lọ. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, mo sì máa ń kọ́ àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ bi mí kò yàtọ̀ sí tiyín, "Tíṣà, àmì wo ni kí n má ṣe?" Ìwé tó to irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà, àmọ́ mi ò ní ní kẹ́ ẹ há a sórí, torí àwọn àmì tó ń wọ inú ìwé yẹn kọ́ ló ń dá wàhálà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Àwọn tó ń bá tèèyàn jẹ́ gan-an ni àwọn tí ò jọ àmì lójú wa rárá, mà á débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ará Bùlgáríà yẹn bẹ̀rẹ̀ ná. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló ń sọ fún yín. Ní Bùlgáríà, ẹni tó bá mi orí sọ́tùn-ún sósì ti gbà nìyẹn, ẹni tó bá sì gbé àgbọ̀n sókè lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo òkè àjà, ó kọ̀ nìyẹn. Ó wà ní Albáníà náà. Tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ wo mímì yẹn ẹ máa rí i pé ó rọ̀, orí á máa fì díẹ̀díẹ̀ bíi tẹni tó ń gbọ́ orin tó wù ú, kò le koko bíi tẹni tó ń kọ nǹkan. Àmọ́ ta ló ráyè wo ìyẹn nínú fèrèsé kékeré orí kọ̀ǹpútà? Ẹ̀yin ń ṣàlàyé, òun ń sọ pé "ẹn-ẹ́n, ó yé mi", ẹ̀yin ń gbọ́ "rárá, kò yé mi", lẹ bá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, òun náà tún gbà fún yín torí pé èèyàn dáadáa ni, lẹ bá tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè wà lẹ́nu ẹ̀ dọ̀la.

Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, sọ ní 1872 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ ni orí mímì fún "rárá" ti wá: ọmọ tó ti yó, tí wọ́n ṣì ń ti ọmú bọ̀ lẹ́nu, á yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tún yí i sí ìkejì. Ó bọ́gbọ́n mu, ó sì lè jẹ́ ìdí tí ilẹ̀ tó pọ̀ fi ń mi orí báyẹn tí wọ́n bá kọ nǹkan. Àmọ́ ṣebí àwọn ará Bùlgáríà náà mu ọmú, àbí wọn ò mu ún ni?

Àgbọ̀n gbígbé sókè fún "rárá" yìí lọ jìnnà gan-an. Àwọn ará Gíríìsì ń ṣe é, wọ́n á gbé irun òkè ojú sókè mọ́ ọn, nígbà míì wọ́n á fi ahọ́n ta "tsk" kan ṣoṣo. Àwọn ará Túrkì náà ń ṣe é. Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn ẹ̀ ni ti Ítálì. Desmond Morris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kọ̀wé nípa ìwà ẹranko àti èèyàn, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lọ káàkiri ibi 40, ọ̀pọ̀ jù lọ ní Yúróòpù, wọ́n ń fi àmì 20 bi àwọn èèyàn léèrè pé kí lèyí túmọ̀ sí níbí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1979. Wọ́n rí i pé ará Róòmù á mi orí sọ́tùn-ún sósì fún "rárá", ará Naples tí ò jìnnà sí Róòmù, ìrìn wákàtí díẹ̀ lásán nínú mọ́tò, á gbé àgbọ̀n sókè. Ààlà kan wà láàárín ìlú méjèèjì tí kò sí nínú máàpù kankan. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ó lé ní 2,500 ọdún tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti wá tẹ̀dó sí gúúsù Ítálì, wọn ò sì dé Róòmù. Ìjọba ti yí, èdè ti yí, ẹ̀sìn ti yí, owó tí wọ́n ń ná ti yí àìmọye ìgbà, "rárá" àwọn Gíríìkì ṣì wà lọ́rùn àwọn èèyàn yẹn títí dòní.

Ẹ wá wò ó, irun òkè ojú tó gòkè tó jẹ́ "rárá" ní Gíríìsì, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ní Fílípínì, "bẹ́ẹ̀ ni" náà ni lọ́dọ̀ àwọn Inuit tó ń gbé ilẹ̀ yìnyín lápá àríwá Kánádà, tí àwọn yẹn bá fẹ́ kọ̀, imú ni wọ́n máa ń hun jọ. Àwọn ará Índíà ní tiwọn á máa fi orí lọ sí èjìká ọ̀tún, sí èjìká òsì, bí ẹni tó ń wọn nǹkan. Ìyẹn lè jẹ́ "ó dáa", ó lè jẹ́ "mò ń gbọ́ ẹ", ó lè jẹ́ "kò burú", ó sì lè jẹ́ "mo gbọ́, àmọ́ mi ò tíì ṣèlérí o". Ẹni tó bá ní ìtumọ̀ kan péré ló ní, irọ́ ló ń pa.

Irú àwọn àmì tí mo ń sọ bọ̀ yìí, tó jẹ́ pé ẹ lè dákẹ́ kẹ́ ẹ fi wọ́n rọ́pò ọ̀rọ̀ ẹnu, Paul Ekman àti Wallace Friesen, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn ní Amẹ́ríkà, ti yà wọ́n sọ́tọ̀ láti 1969 pé ẹ̀yà tó dá dúró ni wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ inú èdè ni wọ́n rí. Gbogbo ará ìlú ló mọ ìtumọ̀ wọn, ẹ bi ọmọdé á sọ ọ́ fún yín, wọ́n sì lè jẹ́ èébú. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ nǹkan kan náà lédè Jámánì àti lédè Ṣáínà, àmọ́ tó bá ti di ti ọwọ́ tàbí orí, a máa ń rò pé Ọlọ́run ló fún gbogbo wa ní kan náà.

Ẹ fi orí àtàǹpàkò kan orí ìka tó tẹ̀ lé e kó di òrùka kékeré, kẹ́ ẹ na mẹ́ta tó kù. Ní Amẹ́ríkà, ó dáa nìyẹn. Nísàlẹ̀ omi, lọ́dọ̀ àwọn òmùwẹ̀ tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ara mi dá, kò sí ìṣòro. Ní Japan, owó, torí ó rí roboto bí owó ẹyọ. Ní Faransé ó lè jẹ́ òdo, nǹkan tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ní Brasil ihò kan lára ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí. Láìpẹ́ yìí ni Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀ ò tún fọkàn balẹ̀ sí i mọ́, àwọn aláwọ̀ funfun ẹlẹ́yàmẹ̀yà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe àmì ara wọn, títí ẹgbẹ́ Anti-Defamation League, tó ń gbógun ti ìkórìíra níbẹ̀, fi kọ ọ́ mọ́ àwọn àmì ìkórìíra ní 2019, tí wọ́n sì tún kìlọ̀ pé ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń lò ó, "ó dáa" náà ni wọ́n ṣì ń sọ. Àmì kan, ilẹ̀ kan, kò ju ọdún mélòó kan lọ, ìtumọ̀ ti ń yẹ̀. Ẹni tó há ìwé sórí ní 2015 ti há àtijọ́ sórí.

Àtàǹpàkò yín ńkọ́? Òótọ́ ni pé ní Ìránì, láti ayébáyé, àtàǹpàkò tó nà sókè sí èèyàn jẹ́ èébú, ìwọ̀sí gidi ni, wọ́n mọ̀ ọ́n ní Afghanístánì náà. Àmọ́ láti 2009 tí Facebook ti gbé bọ́tìnnì ẹ̀ jáde, àtàǹpàkò yìí ti wọ inú fóònù gbogbo ayé, àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ní Ìránì mọ méjèèjì dáadáa, wọ́n mọ èyí tí àjèjì ń sọ. Èmi ò rò pé òun ló pa ọ̀gbẹ́ni yẹn lẹ́nu mọ́. Èèyàn fi àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí ẹ, kí ni wà á tún fèsì sí? Tó bá ṣì ń jẹ yín lọ́kàn, ẹ kọ "ẹ ṣeun" sí i lọ́rọ̀, ó parí. (Lọ́dọ̀ àwọn òmùwẹ̀ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àtàǹpàkò sókè kì í ṣe "ó dáa" o, "ẹ jẹ́ ká gòkè" ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀, tó bá fi sọ fún olùkọ́ ẹ̀ pé òun ń gbádùn, olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè pẹ̀lú ẹ̀.)

Nígbà míì ìyàtọ̀ ò ju kéèyàn yí ọrùn ọwọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1992, George H. W. Bush tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn lọ sí Canberra ní Austrálíà, ó wà nínú mọ́tò, ó na ìka méjì sí àwọn tó wà lẹ́bàá títì, ìka méjì tí Winston Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ di àmì ìṣẹ́gun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àmọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ló kọ sí wọn dípò àtẹ́lẹwọ́. Ní Austrálíà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ò lọ́rọ̀ nínú, èébú ni. Ààrẹ odindi ilẹ̀ tó láwọn agbaninímọ̀ràn rẹpẹtẹ o, ká má tíì sọ èmi àti ẹ̀yin.

Ti Gíríìsì, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ tí ìka máràárún là gbaragada kọjú sí èèyàn, ì báà jẹ́ "márùn-ún" lẹ̀ ń kà tàbí ẹ ní kó dúró. Moutza ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì máa ń sọ pé àtìgbà ìjọba Byzantium, ìjọba Róòmù apá ìlà oòrùn láyé àtijọ́, ló ti wá, nígbà tí wọ́n ń fi eérú kun ọ̀daràn lójú. Ìka máràárún tó para pọ̀ sókè bí ẹ̀mú, èyí tó di ímójì ní 2020, ará Ítálì á fi sọ pé "kí lò ń sọ gan-an?", lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá àti ní Ísírẹ́lì ohun tó ń sọ ni "ní sùúrù díẹ̀". Ẹ fojú inú wo àwọn méjèèjì tí wọ́n ń jà sí ààyè ibi ìgbọ́kọ̀sí kan. Àtàǹpàkò àti ọmọdinrin tó yọ síta, tí mẹ́ta àárín ká, ẹẹ́fà ni lọ́jà Ṣáínà, ní Hawaii ó jẹ́ ìkíni pé kéèyàn fara balẹ̀, níbòmíì ẹ̀wẹ̀ "pè mí lórí fóònù" ni. Ó tó báyẹn, ẹ máa rí ìyókù tẹ́ ẹ bá nílò wọn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò, bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ "ẹ ṣeun" àti "ẹ jọ̀ọ́" lédè ibẹ̀ náà ni.

Oríṣi mìíràn wà tí kò ní ìtumọ̀ kankan tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò, ìyẹn ọwọ́ tó ń jó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń júwe ọ̀nà lórí fóònù, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ò rí i, ọwọ́ ẹ̀ á ṣì máa yà sọ́tùn-ún, á máa yà sósì. Ní 1998 Jana Iverson àti Susan Goldin-Meadow fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní afọ́jú, tí wọn ò rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé wọn, ń sọ̀rọ̀ tọwọ́tọwọ́, kódà tí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ bá jẹ́ afọ́jú bíi tiwọn. Ní 2016 Goldin-Meadow àtàwọn mìíràn tún wá rí ìkan tó jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn afọ́jú tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bá ń sọ pé nǹkan yí gbirigbiri wọ ilé, ọwọ́ wọn á yí, á sì lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn afọ́jú tó ń sọ èdè Túrkì á yà wọ́n sí méjì, yíyí lọ́tọ̀, lílọ lọ́tọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni èdè wọn ṣe ń tò ó. Kò sẹ́ni tó fi hàn wọ́n o. Inú èdè gan-an lọwọ́ ti ń jáde.

Àwọn Aymara tó ń gbé lórí òkè Andes, ní Bòlífíà, Pẹrú àti Ṣílè, máa ń mú mi rántí pé ohun téèyàn rò pé kò lè yàtọ̀ láé lè yàtọ̀. Rafael Núñez àti Eve Sweetser gbé iṣẹ́ kan jáde lórí wọn ní 2006. Lédè Aymara, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ojú, tó tún jẹ́ iwájú, nayra, òun náà ni wọ́n fi ń pe ìgbà tó ti kọjá, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹ̀yìn, qhipa, ni wọ́n fi ń pe ọjọ́ iwájú. Àwọn àgbà wọn tó bá ń sọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá á nawọ́ síwájú, tó bá jẹ́ ohun tó ń bọ̀, á ju ọwọ́ sẹ́yìn èjìká. Ẹ rò ó dáadáa, ó mọ́gbọ́n wá ju tàwọn ìyókù lọ: èyí tó ti ṣẹlẹ̀ lèèyàn ti rí, iwájú ojú ló wà, ọ̀la lẹ ò tíì rí, ẹ̀yìn yín ló wà. Àwọn ọ̀dọ́ wọn tó gbọ́ èdè Sípéènì yó ti ń nawọ́ bí àwọn tó ń sọ Sípéènì.

Ẹ béèrè bóyá ìkan wà tó jẹ́ kan náà níbi gbogbo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ìdáhùn táwọn ọ̀mọ̀wé ń fún èèyàn ni ojú. Ekman yìí kan náà lọ sọ́dọ̀ àwọn Fore nínú igbó Papua New Guinea ní nǹkan bí 1967, àwọn tí ò tíì rí fíìmù àti ìwé ìròyìn, ó fi fọ́tò ojú hàn wọ́n, ó sì padà wá sọ pé ìdùnnú, ìbínú, ìbànújẹ́, ìríra, ìyàlẹ́nu àti ẹ̀rù jọ ara wọn lójú èèyàn káàkiri ayé. Ó ṣì wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Àmọ́ ní 2016, Carlos Crivelli àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ mú ojú tí ìwé ń pè ní ojú ẹ̀rù, ojú tó là rangandan, ẹnu tó yà sílẹ̀ bí ẹni tó mí kanlẹ̀, wọ́n fi hàn àwọn ará erékùṣù Trobriand, àwọn yẹn ní ojú ẹni tó ń bínú ni, ẹni tó fẹ́ ṣe èèyàn ní jàǹbá. Nǹkan tí ẹnì kan á fi máa bẹ̀ yín, ẹlòmíì á kà á sí pé ẹ fẹ́ gbá òun létí.

Èyí tó sún mọ́ jíjẹ́ kan náà jù lọ, tẹ́ ẹ bá bi mí, ni àwọn tó ń jáde lára láìjẹ́ pé èèyàn rò ó. Jessica Tracy àti David Matsumoto wo fọ́tò àwọn tó ja júdò ní Athens ní 2004, nínú Òlíḿpíìkì àti nínú ti àwọn abirùn tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó borí ju orí sẹ́yìn, wọ́n fa àyà yọ, wọ́n na apá sókè, láìka orílẹ̀-èdè sí, títí kan àwọn tó jẹ́ pé látinú oyún ni wọn ò ti ríran. Ìka nínà sí nǹkan náà, ọmọ tó ti tó bí ọdún kan ń ṣe é káàkiri. Àmọ́ tí ọmọ yẹn bá dàgbà ní Laos tàbí ní Fílípínì, ó lè jẹ́ ẹnu ló máa ń na sí nǹkan. Torí náà ìdáhùn mi ni pé ìpìlẹ̀ wà, àmọ́ ẹ ò lè gbé orí ìpìlẹ̀ sùn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ohun tí mo ní mà á dé, ti àwọn ará Japan yín.

Mo ṣe ògbufọ̀ rí fún ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ tajà fún àwọn ará Japan, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wákàtí kan àtààbọ̀ la lò. Nígbà tá a jáde, ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ fi ọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní "wọ́n ti gbà, ṣé o rí bí bàbá yẹn ṣe ń mi orí?" Mo wo ìwé tí mo kọ nǹkan sí. "Hai" wà níbẹ̀ lọ súà, "sō desu ne", ìyẹn "bó ṣe rí nìyẹn", náà wà níbẹ̀, kò sí ibì kan tí "a gbà" wà. Orí tí bàbá yẹn ń mì, "mò ń gbọ́ yín, ẹ máa bá a lọ" ló ń sọ, aizuchi ni wọ́n ń pè é, ẹni tí kò bá ṣe é nígbà tí èèyàn ń bá a sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa kà sí aláìmọ̀wàáhù. "Rárá" tí wọ́n sọ wà níbẹ̀ ṣá o. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dórí iye owó, bàbá yẹn dáwọ́ orí mímì dúró, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi eyín fa afẹ́fẹ́ sínú, "ssss", ó ní "chotto...", ìyẹn "díẹ̀...", kò parí gbólóhùn yẹn. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Ọ̀gá wa ń kọ nǹkan sínú ìwé lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà ìdúpẹ́ tó dùn ún kà dé, òwò ò dé.

Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí: afẹ́fẹ́ tí èèyàn fà sínú bẹ́ẹ̀, wàhálà ni ní Japan, àmọ́ lápá àríwá Swídìn, ẹ̀mí kúkúrú tí wọ́n fà sínú láàárín ètè, "shup" báyìí, odindi "bẹ́ẹ̀ ni" ni.

Irú èyí ni mo ń pè ní wàhálà gidi. Tẹ́ ẹ bá ṣe moutza sí ará Gíríìsì, ó máa pariwo mọ́ yín, ẹ máa mọ̀ pé ẹ ṣẹ̀, ẹ máa bẹ̀ ẹ́, á tán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń wo èèyàn lójú ju bó ṣe yẹ, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn jù, tẹ́ ẹ bá já ọ̀rọ̀ gbà kó tó mí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Kò sì ní rò pé "àṣà wọn nìyẹn". Ohun tó máa rò ni pé "ẹni yìí le o", tàbí "ẹni yìí ò fẹ́ràn mi". Ìwà yín ló máa kà á sí.

Ẹ wo ti ojú. Iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 2013 fi ojú kan náà han àwọn ará Fínlándì àtàwọn ará Japan, ojú tó ń wo èèyàn tààrà. Àwọn ará Japan kà á sí ojú tó ń bínú, tí kò ṣeé sún mọ́, ju bí àwọn ará Fínlándì ṣe kà á lọ. Àwọn tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe mítìn lórí fídíò á sì ní kẹ́ ẹ máa wo inú kámẹ́rà gan-an, ẹ máa dà bí ẹni tó ń wo gbogbo wọn lójú fún wákàtí kan gbáko láìṣẹ́jú. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wò ó, àmọ́ ẹ máa gbójú kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìwé yín.

Ti àlàfo, Edward Hall, onímọ̀ nípa àṣà èèyàn, ló kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, ó kọ ọ́ ní 1966: láti ara dé nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà fún àwọn tó súnmọ́ni tímọ́tímọ́, láti ibẹ̀ dé nǹkan bí mítà kan ó lé díẹ̀ fún ọ̀rẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan àjèjì. Ní 2017 wọ́n bi àwọn èèyàn tó tó 9,000 ní orílẹ̀-èdè 42 pé níbo ni kí àjèjì dúró sí, àwọn ará Argentínà ló jẹ́ kó sún mọ́ jù, kò tó 80 sẹ̀ǹtímítà, àwọn ará Románíà ló ní kó jìnnà jù, ju mítà kan lọ dáadáa. Ẹ fi àwọn méjèèjì sínú yàrá kan, ọ̀kan á máa sún mọ́ ọn, ìkejì á máa sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi máa kan ògiri, àwọn méjèèjì á sì rò pé ìkejì ni ò mọ̀wàáhù. Ti ọwọ́ fífi kan ara, Sidney Jourard jókòó sí ilé kọfí ní ìlú mẹ́rin láwọn ọdún 1960, ó ń ka iye ìgbà tí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ fọwọ́ kan ara wọn láàárín wákàtí kan: San Juan ní Puerto Rico 180, Paris 110, Gainesville ní Florida méjì, Lọ́ńdọ̀nù òdo. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí, mo sì máa ń sọ ọ́, àmọ́ èèyàn kan tó jókòó sí ilé kọfí ni o, ẹ má gbé e lé orí òṣùwọ̀n.

Ti ìdákẹ́jẹ́, wọ́n máa ń sọ pé ará Japan máa ń dákẹ́ kó tó fèsì. Nígbà tí wọ́n wọn èdè mẹ́wàá ní 2009, iye àsìkò tó wà láàárín ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ àti ìdáhùn ẹ̀, àwọn ará Japan ló yára jù, àwọn ará Dẹ́ńmákì ló lọ́ra jù, gbogbo wọn sì wà láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn èèyàn lèèyàn ń gbà gbọ́. Àmọ́ ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹn tó ohun tó ń mú kéèyàn rò pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ò fẹ́ dáhùn, àgàgà lórí fídíò tí íntánẹ́ẹ̀tì ti jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ mọ́ ọn.

Kí wá ni kẹ́ ẹ ṣe? Ẹ dẹ́kun bíbi ìbéèrè tí orí lè dáhùn. "Ṣé ó yé yín?" orí á dáhùn ẹ̀, ẹ sì ti rí ohun tí orí ń fojú yín rí. Ẹ béèrè pé apá wo ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ọjọ́ wo ló máa tó parí, kí ni nǹkan tó lè dí wa lọ́wọ́. Fún àwọn ará Japan méjì yẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn kí mítìn tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ èsì wọn lẹ́yìn ẹ̀. Kíkọ "apá yìí le díẹ̀" máa ń rọrùn fún wọn ju kí wọ́n sọ ọ́ lójú ogunlọ́gọ̀, tẹ́ ẹ bá sì rí "le díẹ̀" nínú lẹ́tà, ẹ kà á sí "rárá" kẹ́ ẹ tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ tún máa wo ìgbà tí nǹkan yí padà. Ẹni tó ti ń mi orí látàárọ̀ tó wá dáwọ́ dúró, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, orílẹ̀-èdè yòówù kó ti wá.

Ará Bùlgáríà yín ló kù. "Da" ni bẹ́ẹ̀ ni lédè ẹ̀, "ne" ni rárá, ẹ ní kó máa sọ ọ́ lẹ́nu, kì í ṣe àrífín. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún yín. Àwọn ará Bùlgáríà tó ti bá àjèjì ṣiṣẹ́ pẹ́ máa ń yí orí padà torí àlejò. Ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ kan ó ń mì í bí wọ́n ṣe ń mì í nílé ẹ̀, lọ́jọ́ kejì ó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ó ń mì í bíi tiyín, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ ti wá ka èsì mi yìí á sì ti máa yí i padà nínú orí yín, àṣìṣe á tún wá di méjì. Ẹ yáa bi í kí mítìn tó bẹ̀rẹ̀: "Ọ̀gá, orí wo lẹ máa lò lónìí?" Ó máa rẹ́rìn-ín, ó dá mi lójú pé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ bi í.